Orúkọ tẹ́ ẹ kọ sórí fọ́ọ̀mù báńkì kì í ṣe ìwé ìhágún

Gbólóhùn kan wà tí mo ṣáà ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn tí mo bọ̀wọ̀ fún, ó sì ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan báyìí, òun ni pé "mo ti fi orúkọ ìyàwó mi sí next of kin, ó ti tán." Ẹni tó kàwé ń sọ ọ́, àwọn tó ń ta páàtì mọ́tò ní Ládípọ̀ ń sọ ọ́, pásítọ̀ ń sọ ọ́, alfa ń sọ ọ́, àwọn obìnrin náà sì ń fi dá ara wọn lọ́kàn le ní sàlúùnù, pé ọkọ tèmi ti ṣe tèmi o, orúkọ mi ló wà ní báńkì. Kò tán o. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ pàápàá. Mo fẹ́ sọ ọ́ síbí bó ṣe yé mi, torí ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù yẹn kọ́ ló máa jìyà ẹ̀, àwọn tó bá fi sílẹ̀ lọ ni.

## Ọjọ́ tá a lọ sí báńkì

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kan ló ní kí n sin òun lọ. Ẹ̀gbọ́n yẹn, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, ikú òjijì ló pa á, kò dùbúlẹ̀ àìsàn, kò sì ráyè bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan. Nígbà tá à ń wí yìí wọ́n ti sin ín, àwọn alásè ti kó ìkòkò wọn lọ, àwọn ẹbí ti padà síbi tí wọ́n ti wá, owó iléèwé àwọn ọmọ sì ti wọlé dé. Ọkàn obìnrin yìí balẹ̀, torí ojú ẹ̀ ni ọkọ ẹ̀ ṣe kọ fọ́ọ̀mù àkáǹtì yẹn, ó tiẹ̀ rántí pé òun lòun pe nọ́ńbà fóònù òun fún un tó fi kọ ọ́ síbi tí wọ́n ní kó kọ next of kin sí. A kó gbogbo ìwé dání, death certificate, ìwé ìgbéyàwó, NIN, fọ́tò pélébé pélébé.

Ọmọ tó dá wa lóhùn níbẹ̀, ọmọ tí wọ́n kọ́ ni, ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní ẹ kú ara fẹ́ra kù mà, ó wá tẹ kọ̀ǹpútà ẹ̀, ó wò ó dáadáa. Ó ní, "Orúkọ yín ló wà níbí lóòótọ́ mà, ẹ̀yin ni next of kin dádì. Àmọ́ a ò lè san owó yìí fún yín o, mà. Ẹ máa lọ sí kóòtù, ní Probate Registry, kí wọ́n fún yín ní letter of administration, ìwé tó ń fúnni láṣẹ láti bójú tó dúkìá ẹni tó kú, ìyẹn lẹ máa gbé wá bá wa."

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wojú ẹ̀, ó ní, "Kóòtù kẹ̀? Ta ni mo bá jà?"

Ọmọ yẹn ní, "Ẹ ò bá ẹnikẹ́ni jà, mà. Next of kin, ẹni tá a máa pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni. Kì í ṣe ẹni tó ni owó."

Ibẹ̀ yẹn lọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ mí lára. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ ni wá lára, kì í sì í ṣe báńkì yẹn nìkan, bí òfin ṣe rí ní Nàìjíríà nìyẹn, òótọ́ sì ni ọmọ yẹn sọ. Ẹ tiẹ̀ rò ó wò. Ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣí àkáǹtì ni wọ́n kọ fọ́ọ̀mù yẹn, ẹlòmíì ṣì wà ní yunifásítì, ẹlòmíì ò tíì láya, orúkọ ìyá ẹ̀ tó ti kú ló ṣì wà níbẹ̀ títí dòní, orúkọ ọmọbìnrin tó ń fẹ́ nígbà tó ń sìnrú ìlú ló wà níbẹ̀. Kò sí ẹlẹ́rìí kankan lọ́dọ̀ ẹ̀ nígbà tó ń kọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò bi í pé ṣé bó o ṣe fẹ́ kí wọ́n pín ogún ẹ nìyí. Tí báńkì bá wá kó owó fún ẹni tó rí lórí fọ́ọ̀mù, tí ọmọ mìíì bá gbé ìwé ìbí dé lọ́la, tàbí tí kóòtù bá yan àwọn tó máa bójú tó dúkìá, báńkì lè fi tipátipá san owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí tí wọ́n fi ń ní ká lọ gbàwé wá nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí sì ní apá kejì tó máa ṣe opó láǹfààní. Àbúrò ọkọ tó bá ń pariwo nílé pé "èmi ni ẹ̀gbọ́n mi fi sí next of kin, ẹ kó kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wá," òun náà ò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Fọ́ọ̀mù yẹn ò sọ ọ́ di ajogún. Mo mọ ibi tí wọ́n ti fi fọ́ọ̀mù ibiṣẹ́ halẹ̀ mọ́ obìnrin tó ń ṣọ̀fọ̀ lọ́wọ́, tó sì fọwọ́ ara ẹ̀ kó ẹrù fún wọn, torí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ìwé yẹn ò lágbára.

Ibi tí orúkọ yẹn ti wúlò díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pẹ́ńṣọ̀n. Òfin pẹ́ńṣọ̀n 2014 dárúkọ next of kin, àmọ́ ẹ̀yìn ló tò ó sí, ẹni tí ìwé ìhágún bá dárúkọ tàbí ìyàwó tàbí ọkọ pẹ̀lú àwọn ọmọ ló kọ́kọ́ kàn, tí wọn ò bá sí ló tó kan next of kin. Òfin yìí kan náà ló ní kí agbanisíṣẹ́ ṣe ìńṣọ́ránsì ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, èyí tó kéré tán máa jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta gbogbo owó tó ń gbà lọ́dún. Ọ̀pọ̀ opó ni ò mọ̀ pé owó yìí wà rárá. Ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ oṣù lẹni tó kú ń ṣe lọ́wọ́, ẹ lọ béèrè ẹ̀ níbiṣẹ́.

## Ta wá ló ni ín?

Tẹ́ni tó kú ò bá kọ ìwé ìhágún sílẹ̀, irú ìgbéyàwó tó ṣe ló máa sọ bí ogún ẹ̀ ṣe máa rí. Ó máa ń yà mí lẹ́nu, torí lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí àti DJ la máa ń gbájú mọ́, kò sí bàbá kan tó máa dìde pé ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, òfin tó máa pín ogún yín lẹ̀ ń yàn lónìí o.

Tó bá jẹ́ ìgbéyàwó kóòtù, tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tó ní láísẹ́ńsì tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí ìjọba, òfin ìpínlẹ̀ ló máa pín in. Àwọn ìpínlẹ̀ tó jáde látinú Western Region jogún òfin tí wọ́n ṣe ní 1959, Èkó náà ní tiẹ̀ tó jọ ọ́. Níbẹ̀, ìyàwó ló ni àwọn ẹrù inú ilé, ó tún ní ìpín tiẹ̀ nínú ohun tó kù, àwọn ọmọ ló ni ìyókù, ẹ̀gbọ́n ọkọ ò sí nínú ẹ̀ rárá tí ọmọ bá wà. Tó bá jẹ́ Mùsùlùmí tó ń tẹ̀lé ti ẹ̀sìn ẹ̀, Kùránì ti pín in sílẹ̀, ìyàwó ní ìdá kan nínú mẹ́jọ tí ọmọ bá wà, ìdá kan nínú mẹ́rin tí ọmọ ò bá sí, tí wọ́n bá ju ẹyọ kan lọ wọ́n á jọ pín ìdá yẹn ni, ọmọkùnrin á sì gba ìlọ́po méjì ti ọmọbìnrin. Wásíyà, ìyẹn ìhágún ti Mùsùlùmí, tó bá sì fẹ́ ṣe, kò gbọ́dọ̀ kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ fún ẹni tó ti wà nínú àwọn ajogún tẹ́lẹ̀.

Tó bá wá jẹ́ pé ìdána àti àdúrà àwọn àgbà nìkan ni wọ́n ṣe, tí wọn ò dé kóòtù, àṣà ló kàn, ibẹ̀ sì ni wàhálà pọ̀ sí jù.

Ẹ jẹ́ ká ní bàbá kan ní ìyàwó méjì, ìyáálé bí ọmọ kan ṣoṣo, ìyàwó kejì bí márùn-ún, ilé oníyàrá mẹ́fà ló fi sílẹ̀. Tí wọ́n bá pín in ní ìdí-igi, ìyẹn ni pé ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀ jẹ́ igi kan, igi méjì ló wà, ọmọ kan ṣoṣo á gba yàrá mẹ́ta, àwọn márùn-ún á máa há ara wọn mọ́ mẹ́ta tó kù. Tí wọ́n bá pín in ní orí-ò-jorí, kálukú á gba yàrá kọ̀ọ̀kan. Ẹ ò rí i pé kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é tí apá kan ò ní sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló dé kóòtù l'Ékòó nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, bàbá tó ń jẹ́ Suberu Dawodu kú láìkọ ìwé ìhágún, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Adájọ́ àkọ́kọ́ ní ayé ti kọjá ìdí-igi, kí wọ́n pín in lórí-ò-jorí. Ní 1958 ilé ẹjọ́ tó ga jù ú lọ dá ìyẹn nù, wọ́n gbé e dé Privy Council, kóòtù àṣekẹ́yìn tá à ń lò nígbà yẹn, nílùú Lọ́ńdọ̀n, ní 1962 àwọn yẹn náà fọwọ́ sí i pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, àmọ́ tí ìjà bá wà, olórí ẹbí lè sọ pé orí-ò-jorí ni kí wọ́n lò. Ọ̀rọ̀ owó bàbá tó kú sí Èkó, òkè òkun ni wọ́n ti parí ẹ̀, gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń sá sókè sódò yẹn, lọ́yà ń gbowó, àwọn ọmọ bàbá kan náà ń di ọ̀tá ara wọn.

Ẹ wá wò ó dáadáa. Nínú méjèèjì, ọmọ ló ń jogún. Ìyàwó ò sí níbẹ̀. Wọ́n ka igi sí i lórí torí ó bímọ, àmọ́ òun fúnra ẹ̀ ò gba nǹkan kan, tí ò bá wá bímọ ńkọ́? Kóòtù sọ ọ́ ní 1957 nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu pé ìyàwó kì í jogún ọkọ lábẹ́ àṣà Yorùbá, ní 1997 nínú ẹjọ́ Akinnubi, Supreme Court tún un sọ, wọ́n tiẹ̀ ní lábẹ́ àṣà yìí opó wà lára dúkìá tí ẹbí máa bójú tó. Mo ka ibẹ̀ yẹn, inú bí mi gan-an. Obìnrin tó gbé búlọ́ọ̀kù lórí, tó fi owó àjẹmọ́nú ẹ̀ san owó síméǹtì, tó ṣọ́ bíríkìlà nínú oòrùn, òun ni wọ́n kà mọ́ àga àti tẹlifíṣọ̀n. Òótọ́ ni pé ní 2014 Supreme Court kan náà bẹnu àtẹ́ lu àṣà kan l'Áwka tó fẹ́ lé opó tí ò bí ọmọkùnrin kúrò nílé ọkọ ẹ̀, inú mi dùn síyẹn, àmọ́ opó tó wà ní Ìkìrun lónìí ò ní owó tí wọ́n fi ń gbé ẹjọ́ dé Àbújá.

Mi ò sọ pé gbogbo àṣà wa ò dáa o. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọbìnrin ń jogún bàbá ẹ̀ bíi ti ọkùnrin, àtìgbà ìwáṣẹ̀ ni. Ní 1908, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole lórí ilé olóyè Mabinuori l'Ékòó, adájọ́ sọ pé tí Dáwódù, ìyẹn àkọ́bí ọkùnrin, bá ti kú, ọmọ tó dàgbà tẹ̀ lé e ló máa di olórí ẹbí, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o. Ibi tí àṣà ti gbàgbé èèyàn ni ọ̀dọ̀ ìyàwó, ibẹ̀ gan-an sì ni ìwé ìhágún ti lè tún un ṣe.

Ti ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ìgbéyàwó kóòtù ni wọ́n ṣe, ìyẹn ló gbà á. Ẹ̀gbọ́n mi ti bí ọmọkùnrin kan kó tó gbé e níyàwó, ọmọ yẹn wà lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, àwọn kan nínú ẹbí sì ń sọ fún obìnrin yìí pé kó má kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ tàwọn ọmọ tiẹ̀. Ó kọ̀ ọ́ fún wọn. Ó ní ọmọ ọkọ òun ni, òun mọ̀ ọ́n, òun ò ní purọ́ níwájú kóòtù. Òfin sì wà lẹ́yìn ẹ̀, kọnsitítúṣọ̀n 1999, abala 42, ní wọn ò gbọ́dọ̀ fi bí wọ́n ṣe bí ẹnikẹ́ni dù ú lẹ́tọ̀ọ́. Torí àwọn ọmọ ò tíì dàgbà tán, kóòtù ò fi ìwé náà síkàáwọ́ èèyàn kan ṣoṣo, òun àti àbúrò ọkọ ẹ̀ kan tó ṣeé fọkàn tán ni wọ́n jọ yàn. Ó gba àkókò. Fọ́ọ̀mù kan báńkì máa kọ ọ́, fọ́ọ̀mù kan àwọn onídùúró máa buwọ́ lù ú, wọ́n á gbé e sínú ìwé ìròyìn kí ẹni tó bá ní ẹ̀sùn wá, owó kóòtù náà wà ńbẹ̀, bí dúkìá bá ṣe tó ni wọ́n ṣe máa gbà á. Gbogbo ìgbà yẹn, owó ọkọ ẹ̀ wà ní báńkì, òun sì ń yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù san school fees.

## Ibi tí agbára ìwé ìhágún dé

Ìwé yìí ò le kọ. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni ìkánjú. Ó gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀, orí ẹni tó ń kọ ọ́ gbọ́dọ̀ pé, ní Èkó ó gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 18. Ó máa buwọ́ lù ú níwájú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe pé kó gbé e lọ bá ọ̀kan láàárọ̀ kó tún gbé e lọ bá ìkejì nírọ̀lẹ́, àwọn méjèèjì náà á buwọ́ lù ú lójú ẹ̀. Àwọn ẹlẹ́rìí ò ní láti mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ o, ìbuwọ́lù ẹ̀ nìkan ni wọ́n ń jẹ́rìí sí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú wà níbí yìí, ẹ tẹ́tí sí mi dáadáa. Ẹlẹ́rìí ò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ fún ní nǹkan nínú ìwé náà, ọkọ tàbí ìyàwó onítọ̀hún náà ò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ìwé náà ò ní bàjẹ́, ẹ̀bùn yẹn ló máa bọ́. Bàbá á pe ọmọ ẹ̀ obìnrin tó fọkàn tán jù lọ, á ní wá buwọ́ lùwé mi, ilé tó sì fẹ́ fún ọmọ yẹn ló fọwọ́ ara ẹ̀ gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ wá aládùúgbò, ẹ wá ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, ẹ fi àwọn ọmọ sílẹ̀.

Ìkejì ni pé tẹ́ ẹ bá kọ ìwé yìí tán, tẹ́ ẹ wá lọ ṣe ìgbéyàwó kóòtù lẹ́yìn ìgbà náà, ìgbéyàwó yẹn ti pa ìwé náà rẹ́, àyàfi tẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́ sínú ẹ̀ pé nítorí ìgbéyàwó tó ń bọ̀ yẹn lẹ ṣe ń kọ ọ́. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ò ṣe bẹ́ẹ̀ sí i. Ẹ lè yí i padà nígbàkigbà, ẹ lè fa ti tẹ́lẹ̀ ya kẹ́ ẹ kọ tuntun. Ẹ yan àwọn executor, ìyẹn àwọn tó máa mú un ṣẹ, ẹni tó ṣì lókun tó sì lójú àánú, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ ti yàn wọ́n. Ẹ lè fi ìwé náà pamọ́ sí Probate Registry nílé ẹjọ́ gíga, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ pa, kò sẹ́ni tó máa rí i títí dọjọ́ tí wọ́n máa kà á.

Àmọ́ kò lè pín ohun tí kì í ṣe tẹni. Ilẹ̀ ẹbí, ilé bàbá ńlá yín tẹ́ ẹ̀ ń gbé inú ẹ̀, ẹ ò lè fi ìwé ìhágún fún ọmọ yín, kódà kẹ́ ẹ ti kun ún lọ́dà tuntun kẹ́ ẹ sì ti pààrọ̀ páànù ẹ̀. Òfin Èkó sọ ọ́ kedere pé ohun tí àṣà ò bá fún ẹ lágbára láti fi tọrẹ, ìwé ìhágún ò lè gbé e. Àwọn ará Benin tá a jọ múlé gbè rí èyí nínú ẹjọ́ Idehen ní 1991, ilé tí bàbá gbé tó sì kú sí, Igiogbe, ti àkọ́bí ọkùnrin ni lábẹ́ àṣà wọn, Supreme Court sì sọ pé bàbá ò lè fi ìwé ìhágún gbé e fún ẹlòmíì.

Tọkọtaya tó bá ń kọ́lé báyìí, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì wà lórí ìwé ilé yẹn látìbẹ̀rẹ̀, kí lọ́yà sì kọ ọ́ pé ẹ jọ ni ín ní joint tenants. Tí ẹnì kan bá kú, ẹnì kejì ló ni gbogbo ẹ̀, kò ní dúró de probate kankan, ìyẹn àṣẹ kóòtù lórí dúkìá ẹni tó kú. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọkùnrin ò fẹ́ gbọ́ ọ. Mo ṣì ń sọ ọ́.

## Wọ́n ní ẹni tó bá kọ ọ́ ń pe ikú

Gbogbo ìgbà tí mo bá dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ẹnì kan á ṣáà sọ pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, pé ìwé ìhágún kíkọ ń pe ikú, tàbí pé nǹkan òyìnbó ni, nǹkan olówó ni. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rù yẹn. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa ò ṣe bẹ́ẹ̀. Àgbàlagbà tó bá rí i pé ilẹ̀ ń ṣú á pe àwọn ọmọ ẹ̀ àti àwọn àgbà ẹbí jọ, á sọ pé oko Ìdí-Ọ̀pẹ ti Àlàbí ni, ẹ fún ìyá yín ní yàrá iwájú, ẹni báyìí jẹ mí lówó, mo jẹ ẹni báyìí. Ìhágún ẹnu nìyẹn, àṣà wa mọ̀ ọ́n, kóòtù náà mọ̀ ọ́n tí ẹlẹ́rìí bá wà, tí orí ẹni tó sọ ọ́ pé, tó sì dárúkọ ohun tó ń fúnni àti ẹni tó ń fún. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó, àwọn tó pa òwe yẹn ò bẹ̀rù àtisọ ohun tó ń bọ̀.

Ohun tó yí padà ni pé a ò kú bí wọ́n ṣe ń kú mọ́. Jàǹbá ọkọ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ò ní fún ẹnikẹ́ni láyè láti pe àwọn àgbà jọ. Ọmọ kan wà ní Houston, ọmọ kan wà ní Pọ́tà, ta lẹ fẹ́ pè sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì? Ọjọ́ ikú erin là ń rí oríṣiríṣi ọ̀bẹ, ọ̀bẹ yẹn sì ti pọ̀ sí i.

Àwọn tó wà l'ókè òkun náà, ọ̀rọ̀ kàn yín gan-an. Ẹni tó ń gbé ní Peckham tó kọ́lé sí Ìbàdàn, òfin ibi tí ilẹ̀ wà ló máa pín ilé yẹn, kì í ṣe òfin Gẹ̀ẹ́sì. Tí wọ́n bá gba probate lọ́hùn-ún, wọ́n gbọ́dọ̀ tún gbé e wá kí kóòtù ibí lu òǹtẹ̀ tiẹ̀ sí i, òfin wà fún ìyẹn láti 1966.

## Dúkìá tí ẹnì kan ò mọ̀

Kí ìjà tó dé, ohun kan ti máa ń ṣẹlẹ̀ tó tún burú, òun ni pé kò sẹ́ni tó mọ ohun tẹ́ni yẹn ní. Ilẹ̀ méjì tó ra lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀, risíìtì nìkan ló wà, inú báàgì tó wà lókè wọ́dúróòbù ló sì wà. Ṣíà tó rà nígbà tí gbogbo èèyàn ń ra ṣíà báńkì. Owó àjọ tó ń dá lọ́dọ̀ alájọ ní Bódìjà, tó jẹ́ pé inú ìwé alájọ nìkan ni àkọsílẹ̀ ẹ̀ wà. Owó inú àápù lórí fóònù, tó jẹ́ pé ìka ọwọ́ ẹ̀ ló ń ṣí fóònù yẹn, ìka ọwọ́ náà sì ti wọlẹ̀. Àwọn tó yá lówó, àwọn tó jẹ lówó. Lábẹ́ ìlànà tí Central Bank gbé jáde ní 2024, owó tó bá wà ní àkáǹtì fún ọdún 10 tẹ́nikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, wọ́n á kó o kúrò ní báńkì lọ sí àpò kan lọ́dọ̀ wọn. Àwọn ajogún ṣì lè lọ gbà á níbẹ̀, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé ó wà.

Nítorí náà tí ọkàn yín ò bá tíì gbé ìwé ìhágún, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ ní sínú ìwé kan, báńkì wo, ilẹ̀ wo, ta ló ṣẹlẹ́rìí, pẹ́ńṣọ̀n wà níbo, kẹ́ ẹ sọ fún ẹnì kan ibi tó wà. Kì í ṣe ìwé ìhágún, kò ní agbára kan ní kóòtù, àmọ́ wọ́n á mọ ibi tí wọ́n máa béèrè.

## Bá a ṣe bi bàbá mi

Ó le láti bi òbí ẹni. Ọmọ tó bá ṣáà jókòó tó ní bàbá, kí lẹ fẹ́ fún mi, wọ́n á ní ó ń dúró de ikú òun. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rò ó títí, la bá gbà pé a ò ní béèrè ẹni tó máa jogún kí ni, ìtàn la máa béèrè. Ẹ̀gbọ́n mi ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ ti ẹbí àti èyí tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín rà, ká má baà ṣìwà hù lọ́la."

Inú bàbá mi dùn, ẹ gbà mí gbọ́. Ó to gbogbo ẹ̀ fún wa látòkè délẹ̀, ilé tí bàbá tiẹ̀ kọ́, oko kòkó tí wọ́n tà, ẹni tí wọ́n tà á fún. Nígbà tó dórí ilẹ̀ kan lápá Mọ́níyà, ilẹ̀ tá a ti mọ̀ láti kékeré pé ti bàbá wa ni, tí orúkọ ẹ̀ wà lórí risíìtì àti lórí ìwé tí wọ́n yà á sí, ó ní, "Ìyẹn kì í ṣe tèmi o. Àbúrò mi tó wà ní Kánádà ló fowó ẹ̀ ránṣẹ́, èmi ni mo wà nílé ni wọ́n ṣe kọ orúkọ mi."

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wo ara wa lójú. À bá ti pín ilẹ̀ yẹn. Ìwé wà lọ́wọ́ wa, orúkọ bàbá wa wà lórí ẹ̀, bí bùọ̀dá wa ti Kánádà bá wá sọ̀rọ̀, irọ́ la máa pe é níwájú àwọn ọmọ ẹ̀.

Bàbá ní ká bá òun wá lọ́yà, ẹni tó máa gbọ́ Yorùbá òun dáadáa, àmọ́ òun fẹ́ kọ́kọ́ bá àbúrò òun sọ̀rọ̀ ná. Ojú ẹsẹ̀ ló ní ká tẹ WhatsApp fún òun. Kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì fi ń jiyàn lórí iye tí wọ́n ra ilẹ̀ náà, bàbá ní ọ̀kẹ́ mélòó kan, èkejì ní rárá o bọ̀dá mi, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi ni mo fowó ránṣẹ́, mo ṣì ní tẹ́là ẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi mú bírò, ó ní kí wọ́n rọra máa sọ ọ́ kí òun lè rí i kọ.